Kí ló ń wú ikùn lẹ́yìn tí wọ́n bá kó ẹyin obìnrin fún IVF, ìyẹn ṣíṣe oyún níta ara?

Kí ni ohun tó ń wú náà gan-an?

Omi tó ń jò láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ sínú ikùn ni. OHSS ni àwọn dókítà ń pè é. Abẹ́rẹ́ hCG tí wọ́n ń gún kí ẹyin lè gbó, ní nǹkan bíi wákàtí 36 kí wọ́n tó kó o, ló ń mú kí ilé ẹyin tú èròjà kan tó ń jẹ́ VEGF sínú ẹ̀jẹ̀. VEGF a máa tú àwọn sẹ́ẹ̀lì inú iṣan kúrò lára ara wọn. Omi a jò gba àárín wọn, ẹ̀jẹ̀ tó kù a sì ki.

Ṣé kí wọ́n kàn wọn VEGF nìyẹn, láti mọ ẹni tí ikùn rẹ̀ máa wú?

Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. VEGF obìnrin méjì lè dọ́gba, kí ikùn ẹnì kan wú, kí ti èkejì má wú. Ìdí kan ni pé èròjà mìíràn wà nínú ẹ̀jẹ̀, VEGFR-1, tó máa ń di VEGF mú kí ó má lè ṣiṣẹ́. Èyí tí kò rí ẹni dì í mú ló ń ṣe ọṣẹ́. Àwọn olùwádìí tún ń wo angiopoietin-2 àti von Willebrand factor, tí iṣan máa ń tú jáde tí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀. Ṣùgbọ́n PCV, ìyẹn ìwọ̀n bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, ló wúlò jù lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fetí sí èyí o: inú wa máa ń dùn tí PCV bá ga, àmọ́ níbí, tó bá kọjá 45, ó ti le, tó bá kọjá 55, ewu ńlá ni.

Ta ló yẹ kó ṣọ́ra jù?

Ẹni tó ní PCOS (àìsàn tó ń mú kí àpò ẹyin kéékèèké pọ̀ nínú ilé ẹyin), tàbí tí AMH rẹ̀ ga (èròjà ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí ẹyin ṣe kù tó hàn). Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá abẹ́rẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ GnRH agonist lè rọ́pò hCG, kí wọ́n sì mú kí ọlẹ̀ dì bíi yìnyín, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ di oṣù mìíràn. Oògùn cabergoline 0.5 mg lójoojúmọ́ náà ń dín jíjò kù.

Kí la óò máa ṣe nílé?

Ẹ wọn bí ẹ ṣe wúwo tó láràárọ̀, kí ẹ sì fi tépù wọn yíká ikùn níbi ìdodo. Ẹ mu omi bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín. Ẹ má lo ibuprofen tàbí diclofenac, nítorí kíndìnrín. Paracetamol ni kí ẹ lò. Ẹ má dá Lasix, oògùn tó ń mú kéèyàn tọ̀, lò láti fi fa omi ikùn: inú ẹ̀jẹ̀ tó ti ki náà ni yóò ti fa omi.

Bí ìtọ̀ òòjọ́ kò bá tó lítà kan, bí mímí bá nira, tàbí bí ọrùn, apá tàbí ẹsẹ̀ bá wú tó ń dunni, ẹ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì. Bí oyún bá dúró, hCG tí oyún náà fúnra rẹ̀ ń tú jáde lè tún dá wàhálà náà sílẹ̀ ní bí ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ hCG, nítorí náà ẹ má tètè jáwọ́ nínú wíwọn.