Eczema Kì í Ràn, Kì í sì í Ṣe Àrùn Ẹlẹ́gbin

"Ṣé o ń wẹ̀ dáadáa ṣá? Fi kànìnkànìn gbo ibẹ̀, á lọ." Bóyá la fi rí ẹni tí eczema, àìsàn awọ tó máa ń yúnni, ń bá fínra gidi tí kò tíì gba irú ìmọ̀ràn yìí. Ẹni tó ń sọ ọ́ lè nífẹ̀ẹ́ ẹni dénú. Ó kàn gbà tọkàntọkàn pé ìdọ̀tí ló ń mú kí ara máa bó, kó máa yún, kó máa ṣẹ̀jẹ̀. Ìgbàgbọ́ kejì ń tẹ̀ lé e: pé ó ń ràn. Ẹ má bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ má jókòó síbi tó ti dìde, ẹ má jẹ́ kó gbé ọmọ. Láti kékeré ni mo ti ń bá eczema yí, n ò sì ní fi bọpo bọyọ̀: irọ́ ni méjèèjì. Ti ìdọ̀tí yẹn ló burú jù lójú mi, torí pé ó ń mú kí ẹni tó ní in máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba awọ ara rẹ̀ jẹ́.

Irú eczema tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní atopic dermatitis. Iṣẹ́ ojú awọ ni láti sé omi mọ́ inú ara, kó sì lé nǹkan ìta sẹ́yìn. Èròjà kan tó ń jẹ́ filaggrin wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ojú awọ ṣù pọ̀ kó sì rọ̀. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé àbùkù nínú àbùdá tó ń ṣe filaggrin, èyí tí èèyàn máa ń jogún, wà lára ohun tó ń ṣínà fún eczema. Kì í ṣe gbogbo wa la ní àbùkù yìí o. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, síbẹ̀ eczema pọ̀ láàárín wọn, torí pé nǹkan mìíràn wà tó ń fà á. Èyí ó wù kó jẹ́, ibì kan náà ló ń já sí: omi ń gbẹ kúrò nínú awọ, eruku, ọṣẹ àti òógùn sì ń ráyè wọlé. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ojú awọ tiwa ti lanu. Ètò ààbò ara á wá gbaná jẹ, awọ á wú, á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í yún. A họ ọ́, ó tún là sí i, ó sì tún yún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nínú gbogbo èyí, kò sí ohun tí ẹnì kan lè kó lára ẹlòmíràn. Ẹ lè bọ ẹni tó ní eczema lọ́wọ́, ẹ lè bá a sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà fún ogún ọdún, kò ní ràn yín. Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Ó jọ kúrúnà àti làpálàpá, àwọn yẹn sì ń ràn lóòótọ́. Ó tún máa ń wà nínú ìdílé, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ọmọ kó o lára ìyá, nígbà tó jẹ́ pé ó jogún rẹ̀ ni. Bákan náà, kòkòrò àìfojúrí lè wọ ojú egbò: bí ẹ bá rí omi tó ń sun, tó ń gbẹ di èépá aláwọ̀ oyin, kòkòrò ti débẹ̀ nìyẹn, ó sì nílò ìtọ́jú. Kòkòrò yẹn lè dé ara ẹlòmíràn. Eczema ò lè débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìléròrò kéékèèké tó jọra wọn bá sú jáde lójijì, tó ń dun ni, tí ibà bá a rìn, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Fáírọ́ọ̀sì herpes lè ti gba ojú awọ tó là wọlé, ìyẹn kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí kànìnkànìn. Ọ̀pọ̀ wa tí eczema bá lọ́rùn máa ń ní àmì dúdú tó rí wẹ́wẹ́ bí omi tí atẹ́gùn fẹ́ sí. Ó jọ ìdọ̀tí gan-an. Bí àwọn òbí ṣe ń gbo ó ni ọmọ ń ké, àmọ́ kò lè lọ, torí inú awọ ni àwọ̀ dúdú náà wà, ìwúlé tó ti kọjá ló fi í síbẹ̀. Gbígbo ọ̀hún ń bó ọ̀rá tó ṣẹ́kù lójú awọ, awọ tún ń wú, àmì tuntun tún ń tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀, bí a bá fi í sílẹ̀ tí a sì tọ́jú eczema tó wà nídìí rẹ̀, ó máa ń ṣá díẹ̀díẹ̀, ó kàn ń gba ọ̀pọ̀ oṣù ni.

Ìwẹ̀ tó ń ṣe wá lóore kò gba agbára rárá. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ìṣẹ́jú 5 sí 10, àtẹ́lẹwọ́ dípò kànìnkànìn, ọṣẹ tí kò le tí kò sì ní lọ́fínńdà. Ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì tẹ omi gbẹ, ẹ má nu ún. Kí ara tó gbẹ tán, ẹ ti fi ìpara tó nípọn kùn ún. Mo mọ̀ pé omi gbígbóná máa ń dùn mọ́ ara tó ń yún, àmọ́ ìtura náà kì í tọ́jọ́, yíyún tó ń tẹ̀ lé e ló ń le jù.

Ìpara steroid náà, èyí tó ń mú kí awọ tó wú rọlẹ̀, ti di ohun tí àwọn kan ń sá fún bí àrùn, tí àwọn mìíràn sì ń lò bí ọ̀rá lásán. Láti 1952 ni wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ tọ́jú awọ. Ibi tó wú nìkan ni a ń fi í sí, ní ìwọ̀n tí dókítà bá sọ: èyí tí a fún láti ṣóńṣó ìka ìfábẹ̀là dé oríkèé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà méjì. Ewu wà nínú àwọn ìpara ìbóra tí wọ́n fi steroid líle lú, tí àwọn èèyàn ń fi pa ojú lójoojúmọ́ títí awọ á fi fẹ́lẹ́. Fún eczema tó le kọjá ti ìpara, oògùn tuntun wà: Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ dupilumab ní 2017, ó sì fọwọ́ sí oníhóró upadacitinib àti abrocitinib fún un ní 2022. Wọ́n wọ́n gan-an, kì í sì í ṣe gbogbo ara ló bá mu, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí kì í rí oorun sùn mọ̀ pé wọ́n wà, kó lè béèrè. Bí dókítà bá sì ní kò le torí pé ojú awọ kò pọ́n, ẹ sọ fún un pé lára awọ dúdú, ó lè rí bí eérú tàbí kó dúdú sí i.

Ní ti ojú títì, n ò gbà pé ó dìgbà tí awọ bá dán kí ìgboyà tó padà. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn tí a ń wọ̀ nínú ooru kí àwọn èèyàn má bàa rí wa ń mú òógùn wá, òógùn sì ń ta wá lára. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo yé dúró de ìbéèrè. Bí mo bá rí i tí ojú ẹnì kan ń lọ sọ́wọ́ mi, mo máa ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, "Eczema ni, kì í ràn," mo sì máa ń na ọwọ́ náà sí i. Ọ̀pọ̀ ló ń bọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá bọ̀ ọ́, ìyẹn kù sọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa gbé, ẹ má sọ fún wa pé ká yé họ ara. A ti gbọ́, bó bá ṣeé ṣe ni, à bá ti yé. Ẹ gba ìpara náà lọ́wọ́ wa kí ẹ bá wa fi kan àárín ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ ẹni kì í tó.