Jíjà fún Odò Ògùn láì sọ aláró di ọ̀tá

Ní Abẹ́òkúta, omi aró ń ti gọ́tà wọ odò lọ. Kí ló dé tí ìjọba kò kàn fòfin dè é?

Wọ́n ti dán an wò rí. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà (kọ́sítíìkì tó ń jó ara) àti aró òyìnbó níbẹ̀. Àwọn aláró takú, òfin náà kò sì dúró. Kì í ṣe oríkunkun lásán. Ẹ̀lú àti omi eérú ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí aró tó mú aṣọ. Sódà àti háídrò (ìyẹ̀fun tó ń jẹ́ kí aró yọ́ sínú omi) kò gbà tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ní kí wọ́n jáwọ́ gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn fún ọjọ́ tí wọn yóò pàdánù.

Níbo wá la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Lọ́dọ̀ ìyá ẹgbẹ́ àwọn aláró ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, kí ó má sì jẹ́ ọjọ́ ọjà. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa, a wá wo bí ẹ ṣe ń ṣe é ni." Ẹ jókòó ti ìkòkò láti àárọ̀ títí wọn yóò fi da omi rẹ̀ nù. Ẹ má gbé fóònù sókè. Àwòrán tó dójú tì wọ́n kò ní mú gọ́tà mọ́.

Ẹ wo ọwọ́ wọn dáadáa: awọ tó sán láàárín ìka, èékánná tí aró ti mu dé ìdí. Aláró fúnra rẹ̀ ni sódà kọ́kọ́ ń jẹ, kó tó kan ẹja. Torí náà ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgúnpá ni kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ. Ẹ tún rán wọn létí pé sódà ni à ń dà sínú omi tútù, díẹ̀díẹ̀. Bí a bá da omi lé sódà, á hó, á sì ta séèyàn lójú.

Kí ni kí wọ́n wá ṣe sí omi náà?

Ìwọ̀n ni àkọ́kọ́. Ojú ni ọ̀pọ̀ fi ń wọn sódà, èyí tó bá sì pọ̀ jù, odò ló ń gbà á. Ìwọ̀n kékeré orí tábìlì tó.

Nígbà tí aró bá rẹ̀, kí wọ́n dà á sínú àgbá ẹlẹ́nu gbòòrò, kí wọ́n máa fi igi rò ó láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méjì. Atẹ́gùn á sọ àwọ̀ náà di ẹrẹ̀, á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Wọn á rọra bu omi òkè, tí sódà ṣì wà nínú rẹ̀, láti fi po ìkòkò tuntun. Wọn á sá ẹrẹ̀ sórí tapólì kó gbẹ, dípò kó lọ sí gọ́tà.

Àwọn kan á ní kí wọ́n da fínígà sí i kí sódà lè kú. Ẹ ṣọ́ra! Bí háídrò bá ṣì wà nínú omi náà, èéfín tó ń fún ọ̀fun ló máa jáde. Yàtọ̀ sí èyí, gíráàmù 40 sódà máa ń fẹ́ fínígà tó tó lítà kan àti díẹ̀. Aláró wo ló fẹ́ ra ìyẹn lójoojúmọ́?

Ṣé a kò rọ̀ jù báyìí?

Ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn là ń rọ̀ fún. Kì í ṣe aláró ló la gọ́tà sí odò. Kòtò ìsẹ́ omi tí gbogbo wọn yóò jọ lò, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ibẹ̀ la ti ń le.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí. Wọ́n fi sùúrù kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí dé ní 1947, ààfin ni wọ́n kọjú sí. Ní 1949, Aláké yìí kan náà sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè.

Kí àwọn aláró fúnra wọn fọwọ́ sí ìwé tí ẹ ó fi béèrè kòtò náà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀: ibi tí wọ́n fẹ́ kòtò sí, bó ṣe máa tóbi tó, ẹni tí yóò máa kó ẹrẹ̀ rẹ̀. Ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tí ẹ mú bọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ìyá ẹgbẹ́ ṣáájú, kí ẹ tẹ̀ lé e padà síbẹ̀.