Ẹ Má Torí Fọ́tò Ńlá Sá fún ISO Gíga

Fọ́tò kan wà tí àwọn ọmọ yèyé kan ní Ìkéré-Èkìtì bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn fẹ̀, tí mi ò lè fẹ̀. Alẹ́ àìsùn òkú ọkọ rẹ̀ ni mo yà á. Iná ti lọ, gílóòbù mẹ́ta péré ni jẹnẹrétọ̀ ń tàn lábẹ́ kánópì. Yèyé dìde jó, ó na ọwọ́ sókè, gbogbo èèyàn hó yèè. ISO ni nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe máa gbé ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ga tó. ISO 400 ni mo fi kámẹ́rà sí, torí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kì mí nílọ̀ pé fọ́tò tí a máa fẹ̀, ISO rẹ̀ ò gbọdọ̀ ga. Kámẹ́rà wá lajú fún 1/15 ìṣẹ́jú-àáyá. Ọwọ́ kan di mẹ́ta, ojú yèyé sì fà bí ẹni fi àkísà nu ọ̀dà tí ò tíì gbẹ. Nígbà tí yèyé náà lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, fọ́tò yẹn làwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé kọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ISO bá di ìlọ́po méjì, àsìkò tí kámẹ́rà máa fi lajú á dín sí ìdajì. 400 fún mi ní 1/15. 800 ì bá fún mi ní 1/30, 1600, 1/60, 3200, 1/125, 6400, 1/250. Ní 1/250, ijó yèyé ì bá dúró gbọn-in. Lóòótọ́, fọ́tò náà ì bá ní ẹ̀rún wínníwínní, bí ìgbà tí èèyàn wọ́n gàrí lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rún ṣeé dín kù. Ojú tó bá ti fà, tí kọ̀ǹpútà bá fúnra rẹ̀ hùmọ̀ òmíràn dípò rẹ̀, kì í ṣe ojú yèyé mọ́.

Ayé fíìmù ni ìkìlọ̀ ọ̀gá mi ti wá, òótọ́ ni nígbà náà. Kámẹ́rà ìsinsìnyí yàtọ̀. ISO kì í fi ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀. Èyí tó wọlé ló ń gbé ga. Ẹ rántí rédíò tí ò gbé ilé iṣẹ́ dáadáa: bí ẹ bá yí ohùn rẹ̀ sókè, ọ̀rọ̀ á ròkè, híhó abẹ́ rẹ̀ náà á ròkè. Àìtó ìmọ́lẹ̀ ló bí ẹ̀rún. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fi ISO sílẹ̀ nísàlẹ̀, tó ya fọ́tò dúdú, tó wá lọ tan ìmọ́lẹ̀ sí i lórí kọ̀ǹpútà, kì í fi í rí èrè kankan. Ẹ̀rún yẹn á jáde, ó tiẹ̀ lè pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Orí kọ̀ǹpútà gan-an lẹ̀rù ti ń bà wá jù. Píksẹ́lì ni àwọn àmì àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò. Kámẹ́rà mẹ́gápíksẹ́lì 24, ìyẹn píksẹ́lì mílíọ̀nù 24, ń ya píksẹ́lì 6000 níbùú, 4000 lóòró. Bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà títí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan fi hàn, nǹkan bí 100 nínú wọn ló máa wà nínú ínṣì kan. Ìyẹn ni pé fọ́tò tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lẹ gbé sún mọ́ imú. Ta ló ń wo fọ́tò ara ògiri bẹ́ẹ̀? Tí ẹ bá tẹ fọ́tò yìí kan náà sí 30 ínṣì sí 20, píksẹ́lì 200 ló wà nínú ínṣì kan, àwọn àlejò á sì máa wò ó láti orí àga. Ẹni tó dúró nísàlẹ̀ ìlú Ìkéré tó ń wo Olósùnta, àpáta tó jọ̀lọ̀ ló rí. Ẹni tó gùn ún ló mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí.

Ẹ̀rún tó yẹ kó ká wa lára ni èyí tó ní àwọ̀: pupa àti àwọ̀ ewé tó máa ń ta sí ara dúdú àti léèsì dúdú. Ẹ kọ́kọ́ yọ ìyẹn kúrò, pàápàá bí ẹ bá ya RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì ṣe àtúnṣe sí. Èyí tó kù, ẹ rọra. Mo ti rí fọ́tò òfì tí wọ́n dán títí okùn ara aṣọ náà fi pòórá, tí ojú bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún wá dà bíi ti bèbí oníke. Ó dùn mí gan-an. Kánfáàsì àti pépà tí kì í dán máa ń bo ẹ̀rún. Pépà dídán ló máa ń tú u fó.

Bí ohun tí ẹ ń yà ò bá mì, tí trípọ́ọ̀dù, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé kámẹ́rà lé, sì wà, ẹ lo ISO 100. Ní Ìkọ̀gòsì lọ́sàn-án, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, mi ò kì í kọjá ISO 100 yẹn. Fóònù lọ́rọ̀ tiẹ̀ o: sẹ́ǹsọ̀ inú rẹ̀, ibi tó ń gba ìmọ́lẹ̀, kéré, ẹ má retí ohun tí kámẹ́rà ńlá ń ṣe lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó fọ́tò ńlá, ẹ gé ibi ojú nìkan nínú rẹ̀, 8 ínṣì sí 10, ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an lára ògiri. Ẹ tẹ ìyẹn sórí irú pépà tí ẹ máa lò, owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀, kí ẹ lọ jókòó síbi tí àlejò máa ń jókòó sí, kí ẹ wò ó lọ́sàn-án, kí ẹ tún wò ó lálẹ́ nígbà tí iná bá wà. Bí ojú ọ̀hún bá ṣì jẹ́ ojú ẹni tí ẹ mọ̀, ẹ ní kí wọ́n tẹ ńlá náà.