Ṣùkù Àgbàdo Kì Í Ṣe Ẹgbẹ́ Ọ̀run

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán nílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ọmọ ọdún 3 pọn ṣùkù àgbàdo sẹ́yìn, ó ń ṣìpẹ̀ fún un, ó ń bi í léèrè, ó sì ń fèsì. Aládùúgbò kan á wò ó títí, á ní: “Ìyá Báyọ̀, ẹ ṣọ́ ọmọ yín o. Ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ yẹn.” Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti wá wòlíì lọ, wọ́n ti ra àbẹ́là, wọ́n ti ń bèèrè iye tí wọ́n ń gbà láti fi omi odò wẹ ọmọ tí kò ṣe ju pé ó gbé ohun tí àwọn àgbà fẹ́ dà nù.

Pé gbogbo ọmọ ló ń ṣe irú eré yìí kò yẹ kó gba àlàyé. Wọ́n ń ṣe é ní Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n ń ṣe é ní Jámánì. Ọmọ tó lé díẹ̀ ní ọdún kan á gbé ife tó ṣófo sẹ́nu, á dún bí ẹni tó ń mu omi. Tó bá tó bí oṣù 18, á gbé ife náà sẹ́nu ọmọlangidi. Láti bí ọdún 2, ohun kan á máa di ohun mìíràn, ṣùgbọ́n ó ṣì fẹ́ kí wọ́n jọra: ìkarahun ìgbín di ìkòkò nítorí pé ó ní ikùn, agolo mílíìkì di mọ́tò nítorí pé ó ń yí. Ní nǹkan bí ọdún 3 ààbọ̀, kò bèèrè ìjọra mọ́. Ojúde Ọba, ọdún tí wọ́n ti ń gun ẹṣin yan ní Ìjẹ̀bú-Òde, máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde nínú àgbàlá: imọ̀ ọ̀pẹ ti di ẹṣin Balógun. Láti ìbàdí sókè, ọmọ náà ni ẹni tó gun ẹṣin, ó ń juwọ́ sí èrò. Láti ìbàdí sísàlẹ̀, òun náà ni ẹṣin, ó ń ta pọ́ún-pọ́ún. Imọ̀ ọ̀pẹ kò ní orí, kò ní ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ pé ẹ̀mí ló wọ ọmọ yẹn. Ṣùkù àgbàdo nìkan ni wọ́n ń fura sí.

Ẹ̀rí kan wà tí wọ́n máa ń gbé jáde bí ẹni gbé ìwé ilẹ̀ jáde ní kóòtù: “Ó ń dákẹ́, ó ń fetí sílẹ̀ kó tó fèsì. Ta ló ń gbọ́?” Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ máa ń há sí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ dáadáa.

Ẹ ro ohun tí ọmọ ń gbọ́ nínú ilé lójoojúmọ́. Ìyá rẹ̀ gbé fóònù sétí: “Ẹ̀n… Ẹ̀n-ẹ́n?… Wọ́n ti kó o dé?… Ó dáa, ẹ bá mi wọn kóńgò mẹ́ta sílẹ̀.” Ohùn ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọ ọmọ létí. Ti ẹni kejì, ìdákẹ́ ni. Ọmọ kọ́ ìdákẹ́ yẹn gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ ọ̀rọ̀ tó yí i ká, á sì kó gbogbo rẹ̀ sínú eré. Ẹ ṣọ́ ọ nígbà tó bá fi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ṣe fóònù. “Ẹ̀n-ẹ́n?” á jáde, ohùn ìyá rẹ̀ gan-an. Á fọwọ́ kan lé ìbàdí, á rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, á padà, á tún lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí nẹ́tíwọ̀kì nínú ilé yẹn. Ẹgbẹ́ ọ̀run wo ló ń wá nẹ́tíwọ̀kì?

Ti ṣùkù àgbàdo tiẹ̀ tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tó gbé ọmọ oṣù 2 lọ́wọ́ á ní: “Kí ló dé? Ebi ń pa ọ́? Ẹ̀n, ebi ń pa á.” Ó bèèrè, ó dúró díẹ̀, ó fèsì fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé ìyá náà lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Ọmọ ọdún 3 tó pọn ṣùkù ń ṣe bí ìyá ṣe ń ṣe, títí kan pípa ohùn dà nígbà tó bá kan ọmọ láti fèsì.

Ẹni tó bá gbà níbẹ̀ á sá lọ síbòmíràn: ó ní ọmọ náà kò mọ̀ pé eré ni. Kò mọ̀? Ẹ wo èyí tó fi yẹ̀pẹ̀ ro ìkọ́kọrẹ́ tó sì fi ewé dì í bí ẹ̀bìrìpò. Á bù ú, á gbé e dé itòsí ètè, á jẹnu lásán, á sì dà á padà. Bí àgbàlagbà bá gbé e mì ní tòótọ́, ọmọ náà ni ẹnu máa kọ́kọ́ yà. (Èyí tí kò tíì pé ọdún 2 lè jẹ yẹ̀pẹ̀ lóòótọ́. Ìyẹn kì í ṣe eré, ẹ nu ẹnu rẹ̀.) Ìbéèrè méjì tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò: “Kí nìyí?” àti “Kí lo fi ń ṣe?” Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 3 á dáhùn méjèèjì láìṣì wọ́n mú: ṣùkù ni, ọmọ mi ni.

Ti ọ̀rẹ́ tí ojú kò rí pàápàá kò ṣọ̀wọ́n. Nínú ìwádìí tí Marjorie Taylor àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2004, bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ náà ló ti ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí ọmọlangidi tí wọ́n sọ di ọ̀rẹ́, rí kí wọ́n tó kọjá ọdún 7. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ọ̀run ni gbogbo wọn, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kù tó ń ṣọ́lé lọ́run.

Mi ò wá sọ pé kò sí emèrè. Ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, àwọn tó mọ̀ ọ́n rò ṣì wà. Ohun tí mo ń sọ ni pé bíbá ṣùkù sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí rẹ̀. Ààlà tó wà láàárín eré àti òótọ́ náà kò sì le bí ògiri, pàápàá níbi tí ẹ̀rù bá ti wọ̀ ọ́. Ní 1991, Paul Harris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àpótí tó ṣófo han àwọn ọmọ ọdún 4 àti 6, wọ́n ní kí àwọn kan ṣe bí ẹni pé ẹ̀dá abàmì kan wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí olùwádìí fẹ́ jáde kúrò nínú yàrá, àwọn ọmọ ọdún 4 kan kò jẹ́ kó lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rù ìbéèrè àwọn àgbà ju ṣùkù lọ. “Ta ló wà lẹ́yìn rẹ? Ṣé wọ́n ní kó o máa bọ̀?” Ọmọ tó wà lẹ́nu eré á gba ohunkóhun tí ẹ bá kì sí i lọ́wọ́, á ní “Ẹ̀n,” wọ́n á sì sọ pé ó ti jẹ́wọ́. Lóru ọjọ́ náà kò ní lè sùn, wọ́n á tún fi ìyẹn kún ẹ̀rí. Bí wọ́n bá wá ní àfi gbẹ́rẹ́, ẹ rántí pé abẹ tí wọ́n ti fi sín ẹlòmíràn lè kó àrùn tó le ran ọmọ.

Ọmọ tó yẹ kí ẹ gbé lọ sílé ìwòsàn ni èyí tó ti pé ọdún 2 ààbọ̀ tí kì í fi nǹkan kan ṣe bí ẹni pé ohun mìíràn ni rárá, tí kì í nàka sí ohun tó wù ú, tí kì í wẹ̀yìn bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣágámù fún irú èyí.

Ohun tí ọmọ fi ń ṣeré ló yẹ kí ẹ máa yẹ̀ wò. Ike tí wọ́n ti ra oògùn kòkòrò sí rí kì í di ìkòkò ọbẹ̀, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò àti rìmóòtù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe fóònù sábà máa ń ní bátìrì roboto bíi kọ́bọ̀ nínú. Bí ọmọ bá gbé e mì tó há sí ọ̀fun, ó lè jó ẹran ara láàárín wákàtí 2. Ẹ má fi ìka tọ́ ọ lọ́fun kó lè bì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e sáré lọ.