Ìṣègùn abẹ́rẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà

Ìṣègùn abẹ́rẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní acupuncture, ni ìtọ́jú tí oníṣègùn ti ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún àwọn ojú kan pàtó lára aláìsàn, tí yóò fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó yọ wọ́n. Ẹ̀ka kan ni ó jẹ́ lára ìṣègùn ìbílẹ̀ àwọn ará Ṣáínà, tí ewé àti egbò, ara wíwọ́, ife tí a ń dé mọ́ ẹ̀yìn, ewé tí a ń jó sún mọ́ awọ ara àti ìlànà oúnjẹ tún wà nínú rẹ̀. Ìrora ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn débẹ̀: ẹ̀yìn ríro, ọrùn gígan, làkúrègbé orúnkún, túúlu.

Bí ẹnìkan ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá ní òun ń lọ gba abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ọsibítù ni ẹni tó gbọ́ yóò rò, èyí tó ní ihò nínú tí oògùn olómi ń gbà wọ ara. Abẹ́rẹ́ Ṣáínà kò ní ihò, kò sì gbé oògùn kankan. Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ń ṣe é lóde òní, ìnípọn rẹ̀ sì máa ń wà ní nǹkan bí 0.25 mìlímítà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè tẹ̀ bí ọwọ́ tó mú un kò bá mọ iṣẹ́. Kò jọ gbẹ́rẹ́ náà. Ẹni tó ń sín gbẹ́rẹ́ ń fi abẹ ya awọ ara, ó sì ń fi ẹ̀tù ra ojú rẹ̀ kí oògùn lè wọlé. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ Ṣáínà kò fi ohunkóhun sílẹ̀ nínú ara, ẹ̀jẹ̀ tó bá sì jáde kì í ju ẹ̀kán tíntín lọ. Ife dídé ni ó jọ ohun tí a mọ̀ níhìn-ín jù, nítorí pé àwọn onígbàjámọ̀ Hausa ti ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ lára ènìyàn láti ìgbà pípẹ́.

Èrò tó wà nídìí rẹ̀

Àwọn tó dá ìṣègùn yìí sílẹ̀ gbà pé agbára kan tí wọ́n ń pè ní qi ń ṣàn káàkiri ara, pé ohun méjì tó takora tó sì gbára lé ara wọn, yin àti yang, gbọ́dọ̀ wà ní déédéé, àti pé àìsàn ń dé nígbà tí ìṣàn yẹn bá dí tàbí tí ìdọ́gba yẹn bá yẹ̀. Ipa ọ̀nà 12 ni olórí àwọn ibi tí qi ń gbà. Méjì mìíràn tún wà, ọ̀kan gba àárín iwájú, èkejì gba àárín ẹ̀yìn. Ojú 361 ni wọ́n kà sórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Àwọn onímọ̀ tó ń la òkú láti mọ bí ara ṣe rí kò rí irú ipa ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rí. Àlàyé tí sáyẹ́ǹsì gbà jù ni pé gígún náà ń ta iṣan ìmọ̀lára jí, ọpọlọ sì ń tú àwọn èròjà tó ń dín ìrora kù sílẹ̀.

Iṣẹ́ náà ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún ní Ṣáínà kí òkìkí rẹ̀ tó kàn ní Amẹ́ríkà. Ní 1971, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ apẹ́ńdìsì fún James Reston, akọ̀ròyìn New York Times, ní Beijing, ó sì kọ ìròyìn nípa abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún fún un. Títí di òní ni àwọn kan ń sọ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi pa á lára kú kí wọ́n tó là á. Kò rí bẹ́ẹ̀: oògùn ọsibítù ni wọ́n fi pa á lára kú, ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ náà ni abẹ́rẹ́ dé, nígbà tí inú ń dà á láàmú lóru. Ní 2010, UNESCO fi ìṣègùn yìí sínú àkọsílẹ̀ ogún àṣà gbogbo ayé.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ní Jámánì, wọ́n pín ènìyàn 1,162 tí ẹ̀yìn ti ń ro tipẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ ní ojú tí ìlànà Ṣáínà là kalẹ̀. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn, tí kò jìn, tí wọn kò sì gún sí ojú tó yẹ. Àwọn tó kù gba oògùn àti eré ìmárale. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú 100 ènìyàn, nǹkan bí 48 ni ara tù lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ gidi, 44 lára àwọn tó gba ti ẹ̀tàn, 27 péré lára àwọn yòókù. Ìtumọ̀ èyí kò rọrùn. Abẹ́rẹ́ ṣe wọ́n láǹfààní ju ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gún un sí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ já mọ́ nǹkan kan, ó sì ṣeé ṣe kí ìrètí aláìsàn àti àkókò tí oníṣègùn fi jókòó tì í wà lára ohun tó wò ó.

Abájọ tí àwọn aláṣẹ ìlera kò fi sọ ohun kan náà. Ní 2016, àjọ NICE ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí dókítà má ṣe lò ó fún ẹ̀yìn ríro. Ní 2021, àjọ kan náà gbà á láyè fún ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí a kò rí ìdí rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, American College of Physicians, kà á mọ́ ohun tí a lè kọ́kọ́ gbìyànjú fún ẹ̀yìn tó ti ń ro tipẹ́, ní 2017. Ẹ̀rí díẹ̀ wà fún túúlu àti fún èébì tó ń tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ. Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti jẹjẹrẹ, kò sí ẹ̀rí tó tó láti mú kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ pa oògùn ọsibítù tì.

Kí aláìsàn tó lọ

Ẹ̀yìn tó ń ro kì í ṣe ohun kan náà lára gbogbo ènìyàn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wọ eegun ẹ̀yìn. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti próstéètì bàbá àgbàlagbà náà lè débẹ̀, abẹ́rẹ́ sì lè dín ìrora rẹ̀ kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà tí àìsàn gan-an ń gbilẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, tí kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, tí ibà ń ṣe tàbí tó ń rù láìnídìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Kò sí ìdí tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò fi ní ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ Bowen, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1907 lọ́wọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi, àti ti LAUTECH wà nínú ìlú.

Lọ́dọ̀ oníṣègùn abẹ́rẹ́, ìbéèrè ni ó kọ́kọ́ máa ń pọ̀: nípa oorun, oúnjẹ, ìgbẹ́, nǹkan oṣù. Yóò wo ahọ́n aláìsàn, yóò sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ. Abẹ́rẹ́ máa ń wà lára fún nǹkan bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú. Ojú ibẹ̀ lè wúwo tàbí kí ó kú díẹ̀, èyí tí àwọn oníṣègùn Ṣáínà kà sí àmì rere. Bí ó bá ta gidi, kí aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó dára kí ó ti jẹun kí ó tó lọ, nítorí òòyì lè kọ́ ẹni tí ebi ń pa.

Ewu rẹ̀ kò pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́, àmọ́ ó wà. Abẹ́rẹ́ tí a ti lò fún ẹlòmíràn lè kó àrùn ẹ̀dọ̀ wíwú tàbí kòkòrò HIV ranni, nítorí náà kí aláìsàn rí i kí wọ́n já ọ̀rá abẹ́rẹ́ tuntun lójú rẹ̀. Èyí tí wọ́n gún jìn jù ní àyà tàbí èjìká lè lu ẹ̀dọ̀fóró. Aboyún, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí àyà rẹ̀ láti máa darí lílù ọkàn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n jó ewé sún mọ́ ọn, torí kò ní mọ̀ nígbà tí iná bá ń jó o.

Oògùn inú ìgò ọ̀tọ̀, abẹ́rẹ́ ọ̀tọ̀

Ohun tí wọ́n ń pè ní oògùn Ṣáínà nínú bọ́ọ̀sì àti lójú ọjà kì í ṣe abẹ́rẹ́, ewu rẹ̀ sì ju ti abẹ́rẹ́ lọ. Òtítọ́ ni pé ewé Ṣáínà ti wo ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sàn. Láti ara ewé qinghao ni Tu Youyou, obìnrin onímọ̀ oògùn ará Ṣáínà, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti rí artemisinin, tó wà nínú oògùn ibà tí dókítà ń kọ fún wa lónìí, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ìwé àtijọ́ kan ni ó ṣí i lójú: ó ní kí a rẹ ewé náà sínú omi, kí a sì fún omi rẹ̀ jáde mu, kò ní kí a sè é. Tu wá lóye pé ooru ló ń ba agbára ewé náà jẹ́, ohun tí ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín àgbo sísè àti àgbo rírẹ kò ní yà á lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ní Belgium, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn lo ewé Ṣáínà kan tí wọ́n ti ṣì mú, tí ewé aristolochia wọnú rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún tí kíndìnrín wọn bàjẹ́, jẹjẹrẹ sì tún mú lára wọn. Nítorí náà, ìgò tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tàbí tí èdè Ṣáínà nìkan ni wọ́n fi kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò ṣeé gbé mì, pàápàá fún ẹni tó ti ń lo oògùn mìíràn.

Ní Nàìjíríà, MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ àwọn dókítà, ni ó tún ń rí sí ìṣègùn àfirọ́pò tí abẹ́rẹ́ yìí wà lára rẹ̀. Aláìsàn sì lè béèrè ìwé àṣẹ láìbẹ̀rù pé òun ya aláfojúdi. Kí ó béèrè iye ìgbà tí yóò wá pẹ̀lú, nítorí gígún ẹ̀ẹ̀kan kì í tó. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìgbà 12 láàárín 90 ọjọ́ ni ètò ìlera Medicare kọ́kọ́ ń san owó rẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀yìn ti ń ro tipẹ́, bí kò bá sì sí ìyàtọ̀, wọn kì í san síwájú. Ẹni tó bá ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ gbà á ní Ìbàdàn yóò ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn, yóò sì ka nǹkan bí 100 kìlómítà ní àlọ àti 100 ní àbọ̀ lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì, èyí tí ẹ̀yìn tó ń ro kò fẹ́ràn rárá.