Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹni tó ń tọ́jú arúgbó léèrè pé "ìwọ ńkọ́?"

Lọ́dún tó kọjá mo gbé Alhaja, màmá wa, lọ sí ọsibítù kan níbí l'Abuja, ọ̀rọ̀ ìgbàgbé yẹn náà ni, ó ti tó ọdún mẹ́rin tá a ti ń bá a bọ̀. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò tán, ló bá ní kí n lọ jókòó lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Kàbbà, ọmọdébìnrin ni sí mi. Mo rò pé ó fẹ́ ṣàlàyé oògùn ni. Fọ́ọ̀mù ló mú jáde, ó ní "Àǹtí, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bi ní nǹkan o, kì í ṣe Màmá." Mo kàn ń wò ó ni. Látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, bí ara Alhaja ṣe rí ni gbogbo ayé ń bi mí, kò sẹ́ni tó bi mí nípa èmi fúnra mi rí. Ìbéèrè 22 ló wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn. Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó ti ṣẹ̀ wá, torí ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara pé ẹnì kan wà níbì kan tó jókòó ro ọ̀rọ̀ àwa tá à ń ṣọ́ wọn lóru.

Ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n ti bi ní irú ìbéèrè yẹn, ọkùnrin kan ni ní Frankfurt nílẹ̀ Jámánì, akọ̀wé réluwéè ni. Lọ́dún 1901 ni ìyàwó ẹ̀, Auguste Deter, wọ ilé ìwòsàn àwọn aláàárẹ̀ ọpọlọ, ẹni ọdún 51 ni, ó ti ń gbàgbé nǹkan, ó ń fura sí ọkọ ẹ̀, ó ń jowú tí ò nídìí. Dókítà Alois Alzheimer ló ń bi í ní nǹkan tó sì ń kọ gbogbo ohun tó bá sọ sílẹ̀, nígbà tí obìnrin yẹn wá kú ní 1906 ó yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò, ó lọ ròyìn ẹ̀ fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Tübingen lóṣù November ọdún yẹn náà, nígbà tó di 1910 Emil Kraepelin, dókítà ọpọlọ bíi tiẹ̀, fi orúkọ Alzheimer pe àrùn yẹn nínú ìwé ẹ̀. Gbogbo ayé mọ Auguste, fọ́tò ẹ̀ wà káàkiri. Ọkọ ẹ̀ ńkọ́? Réluwéè ni bàbá tiwa náà bá ṣiṣẹ́ ní Kàdúná títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, bóyá ìyẹn ni ò jẹ́ kí ọ̀gbẹ́ni yẹn kúrò lọ́kàn mi. Mo máa ń ro àwọn alẹ́ tó lò nínú ilé yẹn kó tó di pé wọ́n gbé ìyàwó ẹ̀ lọ, ta ló ń dáná, ta ló ń ti ilẹ̀kùn, ìgbà wo ló ń sùn kó tó tún jí lọ síbi iṣẹ́.

Ó ju àádọ́ta ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó yíjú sí ará ilé. Ohun tó mú wọn yíjú ni pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín àwọn ọsibítù ńlá ńlá tí wọ́n ń kó aláàárẹ̀ ọpọlọ sí kù, wọ́n ní kí kálukú wà láàárín ẹbí ẹ̀, kí dókítà máa lọ bá a níbẹ̀. Ní Chichester, Jacqueline Grad àti Peter Sainsbury wá béèrè pé ilé tá à ń dá wọn padà sí yìí, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó wà ńbẹ̀? 1963 ni wọ́n gbé e jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà. Gbogbo irú àárẹ̀ ọpọlọ ni wọ́n wò, kì í ṣe ti arúgbó nìkan, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, Hoenig àti Hamilton ya ọ̀rọ̀ yẹn sí méjì, lójú tèmi o, ohun tó ye mi jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn. Apá kan ni ohun tí ojú lè rí, owó tó ń lọ, ṣọ́ọ̀bù tí a tì pa, ọmọ tí ò lọ síléèwé torí ó ń ṣọ́ ìyá àgbà. Apá kejì ni bó ṣe rí lára ẹni tó ń ṣe é, ìyẹn ò ṣeé fojú wò. Ọmọ méjì lè máa tọ́jú arúgbó, kí iṣẹ́ wọn dọ́gba délẹ̀, kí ọ̀kan máa kọrin nídìí ẹ̀, kí èkejì máa kú lọ díẹ̀díẹ̀, tó bá jẹ́ owó àti wákàtí nìkan lẹ̀ ń kà ẹ máa rò pé bákan náà ni wọ́n.

Ìgbà tó wá kan àrùn ìgbàgbé gan-an, Los Angeles ni, l'Amẹ́ríkà, ní 1980. Steven Zarit, Karen Reever àti Julie Bach-Peterson ló ṣe é. Àwọn 29 tó ń tọ́jú arúgbó nílé ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, 18 jẹ́ ọkọ tàbí aya aláìsàn, 11 tó kù ọmọ wọn obìnrin ni. Kò sí ọmọkùnrin kankan nínú wọn, ẹ kíyè sí ìyẹn. Ìbéèrè 29 ni wọ́n kọ, nípa ìlera, ọkàn, owó, ọ̀rẹ́, àti bí àárín ẹni yẹn àti aláìsàn ṣe rí. Èmi náà ì bá ti sọ pé bí àrùn yẹn bá ṣe le tó ni ìnira ẹni tó ń tọ́jú á ṣe pọ̀ tó, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí arúgbó yẹn ṣe ń gbàgbé tó, bó ṣe ń ṣe wọ́nranwọ̀nran tó, kọ́ ló ń sọ bí ọkàn olùtọ́jú ṣe wúwo tó. Ohun tí wọ́n rí tó bá a tan ni bí ẹbí ṣe ń wá kí wọn sí, ọmọ, ọmọọmọ, ẹ̀gbọ́n, àbúrò. Àwọn tí ẹbí ń yà lọ́dọ̀ wọn dáadáa, ara tù wọ́n ju àwọn tó dá wà lọ. Èèyàn 29 ò pọ̀ lóòótọ́, àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e sì fi hàn pé ìwà aláìsàn náà máa ń dá kún un, àmọ́ mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbé fóònù, mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Kàdúná lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tó fi máa di 1985 wọ́n ti gé 29 yẹn sí 22, òun ló wá tàn kárí ayé, òun náà ni nọ́ọ̀sì gbé sí iwájú mi. Kò le. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn márùn-ún, "rárá" jẹ́ 0, ó ń gòkè lọ títí dé "fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìgbà gbogbo" tó jẹ́ 4, wọ́n á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, 88 ló ga jù. Ẹni tó bá ní 20 wálẹ̀, kò tíì fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́ lára, tó bá ti lé ní 40 ó ti wúwo, tó bá wá kọjá 60 kí wọ́n yára dìde sí ẹni yẹn. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ ṣì ń ráyè fún ara yín, bóyá ojú ń tì yín torí ohun tó ń ṣe, bóyá owó ń tó, bóyá ó máa ń ṣe yín bíi kí ẹlòmíì gbà á lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn Zarit wọ́n pọ̀ gan-an. Robinson gbé ti ẹ̀ jáde ní 1983, ìbéèrè 13, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Novak àti Guest ní 1989 pín tiwọn sí ọ̀nà márùn-ún, torí nọ́ńbà kan ṣoṣo ò lè sọ bóyá àárẹ̀ ara ló ń pa ẹnì kan tàbí ìbànújẹ́. Ní 2001 Bédard àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Kánádà gé ti Zarit kù sí 12 fún ibi tí àyè ò ti sí. Èyí tó dẹ́rù bà mí ni ti 1999, Schulz àti Beach l'Amẹ́ríkà tẹ̀ lé àwọn arúgbó tó ń tọ́jú ọkọ tàbí aya wọn fún bí ọdún mẹ́rin, àwọn tí ìtọ́jú yẹn ti ń ni lára nínú wọn, ewu ikú wọn fi 63 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí ò tọ́jú ẹnì kankan lọ.

Nílé wa níbí, Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, Ogunniyi, Baiyewu, pẹ̀lú Hendrie láti Indianapolis l'Amẹ́ríkà, 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé ní Idikan, àdúgbò kan níbẹ̀, wọ́n túmọ̀ ìbéèrè sí Yorùbá, wọ́n á bi arúgbó tán wọ́n á tún bi ará ilé ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, òun ló jẹ́ ká mọ̀ ní 2001 pé àwọn Yorùbá Ìbàdàn tó ti lé ní 65 kì í ní àrùn ìgbàgbé tó àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún sí 3.24. Ṣùgbọ́n ará ilé tí wọ́n ń bi yẹn, nípa arúgbó ni wọ́n ń bi í. Ó di 2005 kí Ogunniyi àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó gbé èyí tó dá lórí àwọn olùtọ́jú gan-an jáde. Lókè Ọya níbí, wọ́n wọn ìnira ará ilé àwọn tó ní schizophrenia, irú àárẹ̀ ọpọlọ kan, ní Katsina, ó jáde ní 2009. Ní Zaria wọ́n wo arúgbó 322, 2.79 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àrùn ìgbàgbé, 2011 ni ìyẹn jáde. Kálukú wọn sì ní ẹnì kan tó ń bá a jí lóru.

Ibi tí mo ti ní ọ̀rọ̀ láti sọ nìyí. Nọ́ọ̀sì yẹn ń ka òyìnbó, ó ń túmọ̀ ẹ̀ fún mi bó ṣe ń lọ, nígbà tó dé èyí tó kẹ́yìn ó ní báwo ni ẹrù yìí ṣe wúwo tó lórí yín. Mo ní ìyá mi kì í ṣe ẹrù. Gbogbo èyí tó ti bi mí ṣáájú, rárá, rárá, ni mò ń sọ, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 9. Wọ́n sá ti sọ fún wa pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ ẹ̀ ni ń mu, ọmọ wo ló máa wá la ẹnu sọ pé ọmú ń dun òun? Ó gbé báírò sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú mà, ìgbà wo lẹ sùn mọ́jú gbẹ̀yìn?"

Mi ò lè dá a lóhùn. Aago méjì òru ni Alhaja máa ń dìde, wọ́n á di ìró mẹ́ta sínú Ghana-must-go, wọ́n á lọ dúró ti ilẹ̀kùn, wọ́n á máa mi kọ́kọ́rọ́, pé ilé làwọn ń lọ. Tí mo bá dé ẹ̀gbẹ́ wọn, Hajiya ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á na ọwọ́, "kawo kuɗi," ìyẹn mú owó wá ní Hausa, owó aṣọ tí wọ́n rò pé mo rà lọ́jà ní Kàdúná ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Etí ìró mi ni kọ́kọ́rọ́ gangan máa ń wà, mo so ó mọ́ ọn. Mo sọ gbogbo ìyẹn fún nọ́ọ̀sì, omijé ti ń dà, a wá bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù yẹn lákọ̀tun, ó di 53.

Torí náà ẹni tó bá máa túmọ̀ ẹ̀ fún wa, yálà sí Yorùbá tàbí Hausa, ẹ jọ̀ọ́, kó má bi wá nípa ẹrù. Kó bi wá nípa oorun, kó bi wá ìgbà tá a lọ òde gbẹ̀yìn, ta ló ń dúró ti Màmá tá a bá fẹ́ wẹ̀.

Bọ̀dá mi ti ń wá báyìí, ọ̀sẹ̀ méjì méjì, wọ́n á wọ réluwéè ní Rigasa, wọ́n á sọ̀ ní Kubwa. Orúkọ bàbá wa ni Alhaja fi ń pè wọ́n. Tí Alhaja bá na ọwọ́, "kawo kuɗi," Bọ̀dá á fi igba náírà síbẹ̀, Alhaja á ká a mọ́ ìró wọn, ara wọn á balẹ̀. Sátidé tó kọjá, a jẹun ọ̀sán tán, mo tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró mi, mo fún Bọ̀dá, mo wọ yàrá, mo sùn títí wọ́n fi pe Magaribi.