Owó ìrànwọ́ fún ìwádìí àrùn kíndìnrín ní Ilé-Ifẹ̀

Owó ìrànwọ́ ìwádìí àrùn kíndìnrín, tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ń pè ní gíráǹtì, ni owó tí ìjọba, ẹgbẹ́ oníṣègùn tàbí àjọ ilẹ̀ òkèèrè ń fún àwọn onímọ̀ kí wọ́n lè wádìí ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́, bí a ṣe lè tètè rí i, àti ohun tó lè dá a dúró. Kì í ṣe ẹ̀yáwó, a kì í san án padà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á máa ṣírò bó ṣe ná an títí dórí kọ́bọ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ilé-ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀, OAUTHC, ni irú iṣẹ́ yìí ti ń wáyé. Ọdún 1975 ni wọ́n dá ilé-ìwòsàn ìkọ́ni náà sílẹ̀. Wesley Guild ní Iléṣà, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, wà lára ẹ̀ka rẹ̀. Ní 2002 ni wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín fún aláìsàn ní Ifẹ̀, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Nàìjíríà, ní Èkó.

Àwọn dókítà Ifẹ̀ ti ṣe àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tí kíndìnrín wọn ti kọṣẹ́ pátápátá láti 1989 sí 2007, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011. Àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ oòjọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe arúgbó. Wíwú àwọn asẹ́ kéékèèké inú kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tó ń fà á jù. Wíwo fáìlì ilé-ìwòsàn bẹ́ẹ̀ kò náni lówó púpọ̀. Kí a jáde lọ bá àwọn tí kò tíì mọ̀ pé ara wọn kò yá ló ń gba gíráǹtì.

Ohun tí owó náà ń rà

A kì í fi àyẹ̀wò kan ṣoṣo sọ pé ẹnìkan ní àrùn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ìlànà tí wọ́n ń lò káàkiri àgbáyé ni pé àbùkù náà gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ ju oṣù 3 lọ: bóyá kí ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń sẹ́ má pé mílílítà 60 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí kí albumin, èròjà purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, máa bá ìtọ̀ jáde. Ẹni tí a gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ lónìí ní láti padà wá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń di owó. Àgbẹ̀ kòkó tó wá láti Ifẹ̀tẹ̀dó, tí nǹkan kan kò dùn ún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú, kí ni yóò tún gbé e wá sí Ifẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì bí kò sí owó mọ́tò? Ìdí nìyí tí owó ọkọ̀, owó káàdì ìpè láti fi rán wọn létí, àti owó ọ̀kadà fún òṣìṣẹ́ tí yóò wá wọn délé fi máa ń wà nínú ìwé ìnáwó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé owó ìjẹkújẹ ni. Láìsí i, kò sí ìwádìí.

Ike tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ àárọ̀ kò wọ́n. Fíríìsà ló wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tí a fẹ́ tún yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún méjì gbọ́dọ̀ tutù dé -80°C, tọ̀sán tòru, iná ì báà lọ. Dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ sì wà lára ìnáwó ilé-iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ olùfúnni kì í fẹ́ gbọ́. NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fúnni lówó ìwádìí ìlera, fún àpẹẹrẹ, kì í fún ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ òkèèrè ju ìdá 8 nínú 100 lọ lé iye tó jẹ́ ti iṣẹ́ gan-an.

Bí owó bá jẹ́ náírà, wàhálà mìíràn tún dé, nítorí òkè òkun ni èròjà àyẹ̀wò ti ń wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní ọjà ìjọba. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,400. Ẹni tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìnáwó rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ní láti dín iye ènìyàn tó fẹ́ yẹ̀ wò kù.

Àwọn olùfúnni

Nílé, TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fi owó ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ni gbangba ń mọ̀ jù. Òfin ọdún 2011 ló gbé e kalẹ̀ rọ́pò àjọ tí òfin 1993 dá sílẹ̀. Owó orí èrè àwọn ilé-iṣẹ́ ló ń bọ́ ọ: ìdá 2 nínú 100 ni tẹ́lẹ̀, ó di 3 ní 2023, kí wọ́n tó kó o pọ̀ mọ́ owó orí ìdàgbàsókè ìdá 4 láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026. Ọ̀nà méjì ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ olùwádìí: kékeré tó ń gba inú yunifásítì fúnra rẹ̀ kọjá, àti ńlá tí wọ́n ń du káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kíndìnrín lágbàáyé, ISN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, náà ń fúnni ní owó kékeré àti àǹfààní láti lọ kọ́ṣẹ́.

Láti òkèèrè, èyí tó ní èso jù títí di ìsinsìnyí ni H3Africa, ètò ìwádìí jíìnì àti ìlera ní Áfíríkà, tí NIH àti àjọ aláàánú Wellcome ti Gẹ̀ẹ́sì kéde ní 2010. Ẹ̀ka kíndìnrín rẹ̀ tẹ àbájáde kan jáde ní 2024 lórí ènìyàn 8,355 ní Gánà àti Nàìjíríà. Jíìnì kan tó ń jẹ́ APOL1 ni wọ́n tọpa. Oríṣi rẹ̀ méjì, G1 àti G2, ń gba ara lọ́wọ́ kòkòrò àìsàn oorun, ṣùgbọ́n wọ́n lè ba asẹ́ kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì pọ̀ láàárín àwa Yorùbá. Nínú ìwádìí náà, ìdá 43 nínú 100 ló gbé ẹ̀dà kan, nǹkan bí 30 ló gbé méjì. Èrò tẹ́lẹ̀ ni pé ẹ̀dà kan kò léwu. Wọ́n wá rí i pé ó fi ìdá 18 nínú 100 kún ṣíṣeéṣe kí ènìyàn ní àrùn kíndìnrín, àti 61 fún FSGS, irú èyí tí asẹ́ fi ń di àpá.

Títí di 2025, ọ̀pọ̀ irú owó bẹ́ẹ̀ kì í tọ Nàìjíríà wá tààrà: yunifásítì Amẹ́ríkà kan ló ń gbà á, tí yóò wá pín in fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2025, NIH kéde pé òun kò ní fọwọ́ sí irú pípín bẹ́ẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè mọ́ títí tí ètò tuntun yóò fi wà.

Láàárín owó àti aláìsàn

Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí à ń ṣèwádìí lé lórí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ náà kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tó sì máa ń nira jù láti ṣàlàyé fún mọ̀lẹ́bí aláìsàn ni pé gíráǹtì kì í ṣe owó ìtọ́jú. Ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ kì í sanwó ju fífọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ, nígbà tí aláìsàn nílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mílíọ̀nù wọlé sí ẹ̀ka kíndìnrín, kí ni wọn kò ní rò?

Láti 2015, inú àpò kan ṣoṣo tí ìjọba àpapọ̀ ní ní Báńkì Àpapọ̀ ni owó àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ń wọ̀, àwọn olùkọ́ sì ń ráhùn pé owó ìwádìí náà ń há síbẹ̀. Ìwé ìlànà iṣẹ́ sábà máa ń dá ọjọ́ tí àbẹ̀wò kejì gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Bí owó mọ́tò àgbẹ̀ Ifẹ̀tẹ̀dó yẹn bá ṣì wà ní Àbújá lọ́jọ́ náà, wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò, tòun ti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó wà nínú fíríìsà.